Níbi Tí Irin Gbé Pin

Wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà.
Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ Ushiozaki:
irin méjì tó jọ ń rìn tí wọn ò fara kanra,
wọ́n gba inú òkè wá, wọ́n gba ẹ̀yìn oko ọ̀dùnkún,
títí wọ́n fi gbọ́ ohùn òkun,
wọ́n dúró.

Ìtì igi dúdú kan ni wọ́n fi dábùú wọn.
Koríko ti bò ó, ológbò aláwọ̀ mẹ́ta ti sọ ọ́ di ibùsùn.
Ẹ̀yìn igi náà ni ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ọṣẹ àti bátìrì,
ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ àwọn apẹja,
ẹ̀yìn ìyẹn, omi ṣáá.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́ ni ọkọ̀ ń wọlé,
ọkọ̀ oníyàrá kan, awakọ̀ kan.
Bó bá dúró, awakọ̀ á yọ kọ́kọ́rọ́,
á gbé báàgì, á gba àárín àga kọjá
láti orí ọkọ̀ lọ sí ìdí,
á jókòó, ìdí á di orí.
Ogún ọdún ni mo fi wò ó
láti ojú fèrèsé ilé tí a ti ń yan ẹja,
tí èéfín ń ta mí lójú.
Mi ò rí ibi tó ti yí padà.

Kò sí òṣìṣẹ́ níbẹ̀ mọ́.
Ihò tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, pákó ni wọ́n fi dí i
lọ́dún tí Hisanobu fi fìlà iṣẹ́ sílẹ̀.
Kinue, ìyàwó rẹ̀, ló ń gbálẹ̀ ibẹ̀,
ẹnìkan ò bẹ̀ ẹ́, ẹnìkan ò san kọ́bọ̀.
Ó rán tìmùtìmù sórí àga onípákó.
Ó gbé garawa sẹ́nu ọ̀nà, ó kó agbòòrùn sí i,
ó fi ọ̀dà kọ ọ́ sí i lára:
Mú un lọ bí òjò bá dé.
Dá a padà bó bá dá.

Agbòòrùn là ń pè é; òjò ló ń gbà níhìn-ín.
Bó bá di oṣù kẹfà, òjò ò mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ mọ́.
Mẹ́wàá á jáde, méje á padà,
nígbà mìíràn méjìlá ni yóò padà,
èyí tí kò jáde rí á bá wọn wọlé.
Kinue ò kà wọ́n.
Ọkọ rẹ̀ ló máa ń ka nǹkan:
èrò, ìṣẹ́jú, owó ẹyọ.
Lọ́jọ́ tó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, ó ka èrò, ó jẹ́ mọ́kànlá.
Ó tún un kà, bóyá ó fo ẹnìkan.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ọkọ̀ karùn-ún dé.
Ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀ nínú oòrùn gangan,
ó di agbòòrùn aláró mọ́ àyà.
Egungun rẹ̀ kan ti ṣẹ́,
okùn pupa ni wọ́n fi wé e.
Ọmọ Nagamine ni, ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ omi ṣe nígbà kan,
ọmọ tí a ò gbúròó rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ girama.

Ó tẹríba títí mo fi rò pé ẹ̀yìn ń dùn ún.
Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Òjò ò tètè dá."

Kinue fọwọ́ pa okùn pupa náà,
bí ẹni ń yẹ ojú ọgbẹ́ wò.
"Ta ló wé e?"
Ọkùnrin náà wo òkun.
"Obìnrin kan," ló sọ. Ó mẹ́nu kúrò.
Kinue náà ò bèèrè mọ́.
Ó kì í bọ inú garawa; egungun tó tẹ̀ ò jẹ́ kó wọlé dáadáa.
Ó ní kí ó wá jẹun.

Nígbà tí mo parí iṣẹ́, ilẹ̀ ti ṣú,
ọkọ̀ ìkẹyìn ti wọ inú òkè lọ.
Mo dúró ti garawa, mo kà á,
èmi tí kíkà kì í ṣe iṣẹ́ mi.
Aláró náà ò sí níbẹ̀.
Mi ò mọ ẹni tó mú un.
Òjò ò rọ̀ rárá lọ́jọ́ náà.